Domenico Dragonetti àti Dọ́bù-Béèsì Rẹ̀: Ohun Èlò Orin Tí Ó Padà Sí Ilé Ọlọ́run

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la odò Jọ́dánì kọjá, Jóṣúà pàṣẹ pé kí wọn gbé òkúta méjìlá jáde láti àárín odò náà, ó sì tò wọ́n jọ ní Gílígálì. Ìdí rẹ̀ ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò béèrè ìtumọ̀ àwọn òkúta wọ̀nyí, tí àwọn baba wọn yóò sì ní ìtàn láti sọ fún wọn. Lójú ẹni tí kò mọ ìtàn náà, òkúta lásán ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ohun èlò orin àtijọ́ tí ó wà nínú ilé ìsìn wa àti nínú ìdílé wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ìletò àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká: Mọ́níyà àti Akínyẹlé, Lálúpọn àti Ìyànà Ọ̀fà, Ẹ̀rúnmu àti Ẹgbẹ́dá, títí dé Akànràn àti Badẹ́kù ní Ọ̀nà-Àrà. Láti ìgbà tí David Hinderer ti kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní ọdún 1851, tí òun àti Anna aya rẹ̀ sì fi ìdí iṣẹ́ kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1853, ni orin ìjọsìn ti ń tẹ̀ lé àwọn onígbàgbọ́ lọ sí oko wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó yá, tí kòkó ń mú owó wọlé, ìjọ kọ́ ilé ìsìn, wọ́n ra agogo, wọ́n sì ra dùùrù tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ó tó dún. Àwọn mìíràn ní fayolíìnì bàbá àgbà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ta ni ó ṣe é, láti ibo ni ó ti wá, ta ni ó sì kọ́kọ́ rà á, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbà ni pé ibẹ̀ ni a bá a.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ mú ìgbésí ayé ọkùnrin kan wá sí iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ohun èlò orin rẹ̀ sì wà títí di òní nítorí pé ó mọ orírun rẹ̀, ó sì kọ ibi tí yóò lọ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Domenico Dragonetti.

Ọmọ onígbàjámọ̀ ní Venice

Ní oṣù kẹrin ọdún 1763 ni a bí Dragonetti ní ìlú Venice, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ítálì lónìí. Orí omi ni a kọ́ ìlú náà sí. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ láti òpópónà kan sí èkejì. Pietro ni orúkọ bàbá rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni bàbá yìí, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ olórin tí ó ń ta gìtá, tí ó sì ń lo dọ́bù-béèsì. Ilé náà kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni orin, orin yìí sì ni ogún tí ọmọ náà jẹ.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí dọ́bù-béèsì jẹ́ fún ẹni tí kò tíì rí i. Ẹ̀yà fayolíìnì ni, ṣùgbọ́n ó ga ju àgbàlagbà ọkùnrin lọ, ìdúró sì ni a sábà máa ń wà láti lò ó. A ń fi ọ̀pá onírun ẹṣin ha okùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí gòjé, tàbí kí a fi ìka ta á. Ohùn rẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ jù lọ láàrin àwọn olókùn. Bí omele ti ń gbé ìyáàlù ró, bẹ́ẹ̀ ni béèsì ń gbé gbogbo orin ró; nígbà tí ó bá dákẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó máa ń mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ohun èlò tí ènìyàn fi ń wá òkìkí ní ayé ìgbà náà. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi àwọn tí ń lò ó sí.

Gìtá àti fayolíìnì ni Dragonetti fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a mú un lọ sọ́dọ̀ Berini, ẹni tí í ṣe oníbéèsì ní ilé ìjọsìn Máàkù Mímọ́ ní Venice. Ìtàn sọ pé ẹ̀kọ́ mọ́kànlá péré ni olùkọ́ náà fún un kí ó tó rí i pé kò sí ohun tí ó kù láti kọ́ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbà ṣeré ní ilé ìṣeré tí wọ́n ti ń fi orin ṣe eré.

Ìránṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run

Ilé ìjọsìn Máàkù Mímọ́ kì í ṣe ilé ìjọsìn kékeré. Òun ni ilé ìsìn olórí ìlú Venice, ó sì ti lókìkí nítorí orin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbẹ̀ ni Claudio Monteverdi ti jẹ́ olórí akọrin láti ọdún 1613 títí di ọdún 1643 tí ó kú. Àwọn akọrin àti àwọn olókùn máa ń pín ara wọn sí òkè ìhà ọ̀tún àti ti òsì, wọn a sì máa dá ara wọn lóhùn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1787 ni wọ́n gba Dragonetti sí iṣẹ́ níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn oníbéèsì márùn-ún ni ó wà níbẹ̀, òun ni ó sì kéré jù nínú wọn ní ipò; owó ducat 25 ni wọ́n ń san fún un lọ́dún. Kò pẹ́ tí ó fi di olórí wọn. Ọba Rọ́ṣíà ránṣẹ́ pè é, ṣùgbọ́n kò lọ. Àwọn alábòójútó ilé ìjọsìn náà fi kún owó rẹ̀ kí ó má bàa fi wọ́n sílẹ̀. A fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ kíyè sí èyí, pé àwọn tí ó mọ iyì olórin wọn kò dúró kí ó tó lọ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ní.

Béèsì tí ó ti inú ilé àwọn sístà wá

Ní àkókò yìí ni ohun èlò tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ìlú Vicenza, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Venice, ilé àwọn sístà kan wà tí a ń pè ní San Pietro, èyíinì ni Pétérù Mímọ́. Láti inú ilé náà ni béèsì ńlá kan tí ó ti gbó ti wá sọ́dọ̀ Dragonetti. Gasparo da Salò ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é.

Ta ni Gasparo yìí? Bertolotti ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ìlú Salò tí ó ti wá, ní ẹ̀bá adágún Garda, ni wọ́n fi ń pè é. Ìlú Brescia ni ó ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1609. Ó wà lára àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ gbígbẹ́ àwọn ohun èlò olókùn. Ẹ rí i pé ó ti lé ní 150 ọdún tí gbẹ́nàgbẹ́nà náà ti sùn kí a tó bí Dragonetti. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò sọnù kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ Bẹ́sálẹ́lì kò ti sọnù kúrò lára àgọ́ àjọ nínú ìwé Ẹ́kísódù.

Báwo ni a ṣe ń mọ orírun irú ohun èlò bẹ́ẹ̀? Àwọn tí iṣẹ́ náà yé máa ń kọ́kọ́ wo ara rẹ̀, bí oníṣègùn ti ń wo aláìsàn. Wọn a wo orí rẹ̀ tí a gbẹ́ ká bí ìkarahun ìgbín, nítorí pé ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan yàtọ̀ sí ti èkejì níbẹ̀. Wọn a wo èjìká rẹ̀, bóyá ó ṣe ṣọọrọ bí ti àwọn ohun èlò àtijọ́ tàbí ó yí roboto bí ti fayolíìnì. Wọn a wo igi rẹ̀: igi spruce ni ó sábà máa ń wà níwájú, igi maple sì ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ òde òní tilẹ̀ ń ka ìlà ọjọ́ orí inú igi iwájú náà láti mọ ọdún tí igi ọ̀hún ṣì ń dàgbà nínú igbó. Ohun èlò kò lè dàgbà ju igi tí a fi ṣe é lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọn a wá ojú ọgbẹ́. Ní ayé Gasparo, àwọn olókùn ńlá sábà máa ń ní okùn púpọ̀ ju èyí tí àwọn ìran tí ó tẹ̀ lé e ń lò lọ. Okùn mẹ́ta péré ni Dragonetti ń lò ní tirẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ béèsì àtijọ́ ni a ti tún ṣe: a dí ihò èèkàn tí a kò lò mọ́, a pa ọrùn dà, a gé ara kù. Ihò tí a dí wọ̀nyí ni ẹ̀rí. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kò ṣe é fi pamọ́ fún ẹni tí ó mọ ibi tí yóò wò.

Ohun tí a kì í gbẹ́kẹ̀ lé nìkan ni ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fayolíìnì ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Jámánì ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ogún, tí wọ́n lẹ orúkọ Stradivarius mọ́ nínú, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ti kú láti ọdún 1737. Bí orúkọ orílẹ̀-èdè bá wà lára ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé a ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1890 tàbí lẹ́yìn náà, nígbà tí òfin òwò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni ìtàn tí kò já: ẹni tí ó ní i, ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìwé tí ó jẹ́rìí sí i.

Ìrìn àjò sí Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1794 ni Dragonetti gba àyè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé béèsì rẹ̀ dání. Ibẹ̀ ni ó fi ṣe ibùgbé títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ní ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ṣiṣẹ́ ní King's Theatre, ó sì ń rìn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí àwọn àjọ̀dún orin tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ìlú ńlá. Òun àti Robert Lindley, ẹni tí ń lo sẹ́lò, ni wọ́n jọ máa ń jókòó níwájú ìwé orin kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ wọn kò sì bàjẹ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Nínú iṣẹ́ orin tí ìlara pọ̀ sí, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, ẹ gbọ́.

Ní ọdún 1799 ó lọ sí Vienna, ó sì bá Ludwig van Beethoven pàdé. Beethoven jókòó sí ìdí dùùrù, Dragonetti sì lo béèsì rẹ̀ láti ṣe orin tí Beethoven kọ fún sẹ́lò. Nígbà tí wọ́n parí, inú olórin ńlá náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dìde, tí ó gbá òun àti béèsì rẹ̀ mọ́ra pọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé ọjọ́ náà wà lára ohun tí ó jẹ́ kí Beethoven máa fún àwọn oníbéèsì ní iṣẹ́ tí ó ṣòro nínú orin rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun èlò tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn ti ní ohùn.

Ènìyàn tí ó ní ìwà tirẹ̀ ni. Kò gbéyàwó. Èdè rẹ̀ jẹ́ àdàlù èdè Venice, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ajá kan tí ń jẹ́ Carlo, tí ó máa ń bá a lọ sí ibi iṣẹ́. Ó ń kó bèbí jọ, ó ń kó àpótí aṣáà jọ, ó ń kó ìwé orin jọ, ó sì ń ra àwọn ohun èlò orin tí ó níyelórí. Fayolíìnì Stradivari kan wà lónìí tí orúkọ Dragonetti ṣì wà lórí rẹ̀. Béèsì òmìrán kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ rí sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Àṣà rẹ̀ ni láti mọ ìtàn ohun tí ó bá wọlé rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1845, nígbà tí wọ́n ṣí ère Beethoven ní ìlú Bonn ní Jámánì, Dragonetti lọ síbẹ̀. Ẹni ọdún 82 ni nígbà náà. Oníbéèsì mẹ́tàlá ni ó dúró lọ́jọ́ náà, òun ni ó sì ṣe aṣíwájú wọn.

Ìwé ìhágún

Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ ti ń lọ. Kò bímọ tí yóò jogún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà ní irú ipò yìí ni ẹrù wọn máa ń túká láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹni tí kò mọ iyì wọn á fi wọ́n ta tọ́rọ́-kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n Dragonetti ti kọ ìwé ìhágún. Ó ka ohun tí ó ní, ó dárúkọ ẹni tí yóò gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìwé orin rẹ̀ tí ó kó jọ láti ọdún pípẹ́, ó fi àdìpọ̀ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún kan nínú wọn fún British Museum. Béèsì Gasparo, èyí tí ó ti bá a jẹ, tí ó ti bá a mu fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, ó fi í fún ilé ìjọsìn Máàkù Mímọ́ ní Venice, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni ìkẹyìn nínú márùn-ún.

Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1846. Ilé ìjọsìn Màríà Mímọ́ ní Moorfields ní Lọ́ńdọ̀nù ni a sin ín sí. Béèsì náà sì padà sí ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìwé yìí ṣe. Ní ọdún 1797 ni ìjọba Venice ti ṣubú sí ọwọ́ Napoleon. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba ti ọ̀pọ̀ ilé àwọn sístà àti ti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ pa ní àgbègbè náà, a sì fọ́n dúkìá wọn ká. Bí béèsì náà bá wà ní ìdí ògiri ní Vicenza nígbà náà, ta ni ó lè sọ ibi tí ì bá gbà lọ? Bí ó bá sì jẹ́ pé Dragonetti kú láìkọ nǹkan kan, Lọ́ńdọ̀nù ni wọn ì bá ti tà á. Nítorí pé ẹnì kan mọ ibi tí ó ti wá, tí ó sì kọ ibi tí yóò lọ, inú mùsíọ́ọ̀mù Máàkù Mímọ́ ni ẹni tí ó bá lọ sí Venice ti lè rí i lónìí.

Ohun tí ó kàn wá

Àwa náà ní àpẹẹrẹ rere nílé. Ìdílé Àyàn kì í gbàgbé. Onílù tí ó mọ iṣẹ́ yóò sọ fún ọ bóyá igi apá tàbí igi ọmọ ni a fi gbẹ́ ìyáàlù bàbá rẹ̀, yóò sì dárúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. A kò tíì ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ sí dùùrù àti fayolíìnì tí ó wà lọ́wọ́ wa. Agbọ̀rọ̀sọ tuntun dé, a gbé dùùrù àtijọ́ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ikán sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Àgbà tí ó mọ ẹni tí ó ru ẹrù náà láti ibùdókọ̀ rélùwéè Lálúpọn tàbí tí ó mọ àwọn tí ó dá owó rẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àgbà bá lọ láìsọ, òkúta Gílígálì di òkúta lásán nìyẹn.

Kò béèrè owó púpọ̀. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, ọ̀dọ́ kan àti àgbà kan. Kí wọ́n ṣí ohun èlò náà, kí wọ́n da orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀ kọ láìfi ohunkóhun kún un. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, títí kan ibi tí a ti tún ṣe. Kí wọ́n lọ wo ìwé ìpàdé ìjọ àti ìwé owó àtijọ́. Kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá sọ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Kí wọ́n má ṣe fọ ọ̀dà rẹ̀ dànù, kí wọ́n má sì jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò mọ iṣẹ́ náà kan ìṣó mọ́ ọn. Nígbà tí èyí bá parí, kí a fi ẹ̀dà kan sí ọ̀dọ̀ ìjọ, kí a sì fi ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ ìdílé tí ó bá kàn.

Àwọn tí ohun èlò jẹ́ ti ìdílé wọn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún yín. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ìjà àwọn ọmọ, ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo ènìyàn mọ̀. Onígbàjámọ̀ ni bàbá Dragonetti, kò sí oyè, kò sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà lo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyìn Ọlọ́run, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì dá a padà sí ilé Ọlọ́run pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é lórí rẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ìríjú tòótọ́ lórí ohun tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́. Kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ìdáhùn gbà ní ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè. Àmín.